Skúù wà ní títì yín, mọ́tò ò jẹ́ kẹ́ ẹ jáde láàárọ̀: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i

Tí skúù bá wà ní títì tẹ́ ẹ̀ ń gbé ní Èkó, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti aago 7:15 sí aago 8 àárọ̀, ẹni tó fẹ́ jáde ò lè jáde, ẹni tó fẹ́ wọlé ò lè wọlé, mọ́tò kan ti dúró síwájú gétì yín, ẹni tó wà á wá ti di ọmọ lọ́wọ́ mú wọnú skúù lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ń fọn fèrè, kéékè ti ki imú bọ àárín, bọ́ọ̀sì skúù náà ń bọ̀ níwájú, gbogbo ẹ̀ á wá há pa. Tó bá di aago 2 ọ̀sán, sún kẹrẹ fà kẹrẹ tún dé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé ní oṣù September ló máa ń le jù, torí àwọn òbí tuntun ò tíì mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, kálukú ló fẹ́ tẹ̀lé ọmọ ẹ̀ dé kíláàsì. Ọ̀gbà lèmi ń gbé, skúù wà lọ́tùn-ún, skúù wà lósì, ohun tí mo kọ síbí ni ohun tí mo ti rí tó ń ṣiṣẹ́, mo dẹ̀ máa sọ àwọn tó jẹ́ pé ìjà lásán ló ń dá sílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé wa, torí òun ni gbogbo yòókù dúró lé lórí. Iye mọ́tò kọ́ ni wàhálà, bí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ tó ni wàhálà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ká ní iwájú skúù gba mọ́tò 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú 1 péré, ọmọ sọ̀kalẹ̀, báàgì ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, mọ́tò lọ, láàárín ìṣẹ́jú 30 mọ́tò 150 á ti gbabẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n tí òbí kọ̀ọ̀kan bá páàkì, tó sọ̀kalẹ̀, tó mú ọmọ wọlé, tó bá àǹtí sọ̀rọ̀ díẹ̀, tó kí ìyá lágbájá lójú ọ̀nà, tó wá padà síta lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6, mọ́tò 25 péré ló máa ráyè láàárín ìṣẹ́jú 30 yẹn. Skúù ò yí padà, títì ò yí padà, òbí ò yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ká má fi gbogbo agbára wa lé e pé kí òbí má gbé mọ́tò wá mọ́. Wọ́n máa gbé e wá, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ, ẹlòmíì ṣì ní Third Mainland Bridge níwájú. Ìṣẹ́jú 5 tó lé yẹn ló yẹ ká lé kúrò.

Kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ẹ dúró sójú fèrèsé tàbí níwájú gétì yín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í tò, aago tó tán, ibi tó ti ń há gan-an, ohun tó fà á. Lọ́pọ̀ títì ibi tó ń há kọ́ ni ibi tí ojú gbogbo èèyàn ń wò. Gbogbo ilé á máa bínú sí mọ́tò tó wà níwájú skúù, nígbà tó jẹ́ pé orí kọ́nà ni nǹkan ti bà jẹ́, níbi tí kéékè ti ń dúró de èrò, tí ìyá alákàrà gbé agboòrùn sí lódì kejì, tó fi jẹ́ pé mọ́tò kan ṣoṣo ló lè kọjá, ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde bá pàdé níbẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Níbòmíì ó lè jẹ́ mọ́tò àwọn tíṣà fúnra wọn tó ti wà ní títì látàárọ̀ kùtù. Níbòmíì, tó bá jẹ́ klósì, àwọn tó fẹ́ yí mọ́tò padà ní ìparí ọ̀nà ló ń dá gbogbo èèyàn dúró. Ọjọ́ Monday yàtọ̀, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tún yàtọ̀ pátápátá, torí lọ́jọ́ òjò àwọn tó máa ń fẹsẹ̀ rìn náà á gbé mọ́tò jáde. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ lè ya fótò tàbí fídíò, ó máa wúlò gan-an tẹ́ ẹ bá dé iwájú ẹni tó ni skúù. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ tàbí nọ́ńbà mọ́tò ẹnikẹ́ni sórí Facebook tàbí sórí status. Tí èèyàn burúkú bá ti mọ skúù ọmọ, tó mọ aago tó ń dé, tó mọ mọ́tò tó ń gbé e wá, kí ló kù tí gbọ́mọgbọ́mọ ń wá? Ẹ fi sínú fóònù yín, ẹ fi han ẹni tó yẹ, ó parí.

Ẹ má dá lọ bá onískúù o. Ẹni tó bá dá lọ, wọ́n á ní ó kàn kórìíra skúù ni. Ní Èkó, àdúgbò ní CDA (Community Development Association, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), òfin ìpínlẹ̀ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ti àwọn onílé nìkan, ayálégbé náà lè wá sí mítìnì. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn, kí wọ́n yan èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó máa gbé e dání. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òbí tí ọmọ ẹ̀ ń lọ sí skúù yẹn, ìyẹn ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé àwọn tí ò bímọ síbẹ̀ ló ń pariwo. Ẹ tún rántí pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó nilé tí skúù wà máa jókòó tì yín ní mítìnì yẹn, owó ilé ẹ̀ wà níbẹ̀, kò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹ fẹ́ lé ayálégbé ẹ̀. Torí náà látìbẹ̀rẹ̀ ẹ sọ ọ́ kó yé gbogbo èèyàn pé ẹ ò fẹ́ kí skúù kó lọ, ẹ fẹ́ kí títì ṣeé gbà ni. Ẹ pe àwọn kéékè àti àwọn tó ń tajà lórí kọ́nà náà sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má kàn lọ lé wọn. Tẹ́ ẹ bá bá wọn wá ibi tí wọ́n lè sún sí, mítà díẹ̀ péré, wọ́n máa ń gbà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá da ọjà wọn nù, ọ̀la ni wọ́n máa padà, wọ́n á dẹ̀ padà pẹ̀lú ìbínú.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ rí ìyá tó ni skúù náà ṣe kókó. Aago 7:30 kọ́ o, nígbà tí inú ń bí yín, tí inú ń bí òbí, tí òun náà ń sáré kiri. Ẹ pè é sílẹ̀, ẹ lọ láàárín aago 10 sí 11, láàárín ọ̀sẹ̀, kí tẹ́ẹ̀mù tuntun tó bẹ̀rẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Ẹ ro ohun tó wà lọ́kàn tiẹ̀ náà. Òbí ni oníbàárà ẹ̀, tó bá jágbe mọ́ òbí lónìí, òbí yẹn lè gbé ọmọ lọ síbòmíì ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ skúù àdáni ní àdúgbò wa, ilé tó yẹ kí èèyàn máa gbé ni wọ́n fi ṣe skúù, wọ́n ń san owó ilé, ọkàn wọn ò balẹ̀ tí wọ́n bá rí àwọn ará àdúgbò tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Àdúgbò ló rán wa wá, a ò wá jà. Ẹ̀yin náà ń rí bí àárọ̀ ṣe ń rí, àyà wa ń já nítorí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gba àárín mọ́tò tó ń ṣe rìfáàsì. A ti kọ ohun tí a rí sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, ká rí ohun tí ẹ̀yin lè ṣe àti ohun tí àwa náà lè ṣe." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ẹ má yọ ọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá lọ láìmú nǹkan kan dání tí àdúgbò fẹ́ ṣe, àṣẹ lẹ lọ pa fún un, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pàṣẹ fún òun nínú ọ́fíìsì òun.

Ó wá kan ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ níwájú skúù gan-an, ibí ni iṣẹ́ wà.

Òbí ò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn nìkan tó bá ṣeé ṣe, ìdajì wàhálà ti lọ. Kó lè ṣeé ṣe, skúù gbọ́dọ̀ gbé èèyàn méjì síta láti aago 7:00 títí gétì á fi tì, kí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò tó ń tan iná yẹn, kí ọ̀kan máa darí mọ́tò, kí ìkejì máa ṣílẹ̀kùn, kó gba ọmọ, kó gba báàgì, kó ti ilẹ̀kùn padà, kó na ọwọ́ sí dírẹ́bà pé ó yá. Mọ́tò tó bá kọ́kọ́ dé ò gbọ́dọ̀ dúró sójú gétì, kó fà síwájú títí dé ibi tó jìnnà jù kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ráyè. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ to kóònù síbẹ̀, torí òbí tí ò bá rí ibi tó máa dúró sí, ojú gétì náà ló máa dúró. Kí báàgì àti fúláàsì oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, kì í ṣe nínú bùútù, bùútù tí wọ́n ń ṣí yẹn ló ń jẹ àkókò ju gbogbo nǹkan lọ. Kí ọmọ ti wọ bàtà tán, kó ti jẹun tán. Àdúrà àti ìdágbére, ilé ni kí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wá wo apá ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún la ń wà ní Nàìjíríà, torí náà tí mọ́tò bá wọ títì yín láti apá tí skúù máa fi bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀tún ni ọmọ máa gbà sọ̀kalẹ̀, gétì ti wà níwájú ẹ̀, kò ní sọdá títì rárá. Tí mọ́tò bá gba òdì kejì wọlé, ọmọ máa sọdá láàárín mọ́tò, ibẹ̀ sì ni ewu wà, torí ẹni tó jókòó sínú jíìpù ńlá ò lè rí ọmọ nọ́sìrì tó wà lẹ́yìn bùútù ẹ̀. Nítorí náà ẹ fẹnu kò pé gbogbo òbí á máa wọlé láti apá kan, wọ́n á máa jáde sí apá kejì, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìfẹnukò ni mo pè é o, kì í ṣe wan-wéè ti ìjọba, ẹ má lọ kan pátákó mọ́ òpó fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó di òfin, kí CDA kọ̀wé sí káńsù àti sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà. Títì tí ò ní ẹnu méjì ò lè ṣe èyí, tiyín yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn mọ́tò dúró sórí kọ́nà lóde kí tíṣà máa mú àwọn ọmọ rìn wọlé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí mọ́tò máa páàkì sí, kódà níbi tó kọjá iwájú skúù. Tí wọ́n bá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ibi tí mọ́tò panápaná tàbí áńbúláǹsì máa gbà, ilé yín ló dẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ń jó. Ẹ rí i pé ó kéré tán mítà 3 ààbọ̀ ṣí sílẹ̀ láàárín ní gbogbo ìgbà. Nọ́ńbà 767 àti 112 ni wọ́n ń pè ní Èkó tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè tí ọ̀nà ti dí, kí ni wọ́n máa ṣe?

Àwọn ọmọ nọ́sìrì tó ń sunkún, a ò lè sọ pé kí ìyá wọn jù wọ́n sílẹ̀ kó máa lọ, ìyẹn ò dáa. Àwọn yẹn nílò ibi tí òbí máa páàkì sí. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí hóòlù àríyá tó wà nítòsí, ọgbà wọn máa ń ṣófo láàárọ̀ Monday sí Friday. Ẹ lọ bá pásítọ̀ tàbí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, ẹ kọ lẹ́tà, kí skúù gbà láti máa gbá ibẹ̀ kó dẹ̀ fún mẹ́gàdì ibẹ̀ ní nǹkan lóṣooṣù. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi kọ́kọ́ ronú nípa èyí, ó wà nílẹ̀, kò ná wa ní nǹkan púpọ̀, òbí tó bá fẹ́ rí àǹtí nípa ìdánwò ọmọ náà á lè páàkì síbẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn wá.

Ẹ pín aago pẹ̀lú. Kí nọ́sìrì wọlé ṣáájú, bóyá aago 7:00 sí 7:20, kí prámárì tẹ̀lé e, 7:20 sí 7:45, kí sẹ́kọ́ńdìrì tó bá wà níbẹ̀ gba tiwọn. Òbí tó ní ọmọ méjì, aago ọmọ tó kéré jù ni kó tẹ̀ lé, kí skúù gba èyí àgbà wọlé kó jókòó kàwé. Kí mọ́tò àwọn tíṣà ti wọnú ọgbà kí aago 7 tó lù. Kí bọ́ọ̀sì skúù já ọmọ sílẹ̀ nínú ọgbà, kì í ṣe ní títì.

Ọ̀sán le ju àárọ̀ lọ níbòmíì, ìdí ẹ̀ sì yàtọ̀. Láàárọ̀ gbogbo èèyàn ń sáré, lọ́sàn-án wọ́n ń dúró. Dírẹ́bà máa dé láago 1:15 fún ọmọ tó ń jáde láago 2, á tan ẹ́áàsì, á sùn. Skúù gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé mọ́tò ò ní wọ títì kí aago ìjáde tó kù ìṣẹ́jú 5, ẹni tó bá ti dé ṣáájú, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kó ti dúró. Kí wọ́n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní nọ́ńbà, kí òbí gbé e síwájú gíláàsì, òṣìṣẹ́ skúù tó dúró lórí kọ́nà á ka nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ lórí fóònù sínú skúù, kí mọ́tò tó dé iwájú gétì ọmọ ti dúró pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. Káàdì yẹn tún dáa fún ààbò, torí tí kò bá sí káàdì, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi pe òbí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi gbohùngbohùn pe orúkọ ọmọ síta o, ariwo ni, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló dẹ̀ ń gbọ́ orúkọ ọmọ.

Iṣẹ́ tó le jù fún ìyá tó ni skúù ni bó ṣe máa sọ gbogbo èyí fún òbí láì bí wọn nínú. Ẹ bá a kọ ọ́, kó kàn ṣe àtúnṣe díẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp wọn. Ohun tí mo máa kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa. Láti ọjọ́ Monday, kò sí páàkì mọ́ níwájú skúù. Ẹ wọlé láti apá ilé epo, ẹ jáde sí apá mọ́ṣáláṣí. Ẹ fà síwájú títí dé ibi tí wọ́n bá ti dá yín dúró, ẹ jókòó sínú mọ́tò, àǹtí máa ṣílẹ̀kùn. Kí báàgì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, kó má wà ní bùútù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí tíṣà, ẹ páàkì sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní títì kejì, ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹ bá wa má fọn fèrè, ẹ má dúró síwájú gétì ẹnikẹ́ni, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọmọ wa ló wà ní títì yìí. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa pa wá mọ́."

Kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní alẹ́ Friday, kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ ní alẹ́ Sunday. Kí wọ́n sọ fún dírẹ́bà náà, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé dírẹ́bà ló ń gbé ọmọ wá, kò dẹ̀ sí nínú WhatsApp òbí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí èèyàn kan láti CDA dúró síta pẹ̀lú àwọn tíṣà, kó máa kí àwọn òbí, kó máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Òbí tó bá rí bàbá àgbà kan tó ń kí òun láàárọ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti dí gétì bàbá yẹn lọ́jọ́ kejì.

Tí ẹnì kan bá wá dí gétì yín ńkọ́? Ẹ má jò táyà ẹ̀, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ha á lára, ẹ má gbé dúrọ́ọ̀mù tàbí òkúta dí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ dúkìá ni yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jàre ni ọlọ́pàá á wá máa bi léèrè, òkúta tẹ́ ẹ sì gbé síbẹ̀ ló máa dí áńbúláǹsì lọ́wọ́. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ni títì, ìjọba ló ni ín, èyí kan ohun tó ń dá mọ́tò dúró tí àwọn kan ń kọ́ sí títì fúnra wọn láì gbàṣẹ náà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí skúù fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní sítíkà tó ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé skúù nìkan. Tí mọ́tò 43 bá wà níwájú gétì yín, mẹ́gàdì yín á lọ sọ fún wọn, "mọ́tò 43 ni o," skúù á pe òbí láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ ò ní láti mọ orúkọ ẹni náà, ẹ ò ní bú ara yín níwájú ọmọ. Àwa ará àdúgbò náà, tí mọ́tò wa bá máa wà níta lóru, ká gbé e wọlé kí aago 7 tó lù, ká má sọ pé tiwa ò ká.

Ariwo náà wà níbẹ̀, ìwúre àti orin láàárọ̀ lórí spíkà, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sí fèrèsé ẹlòmíì. Ìwọ̀n tí LASEPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àyíká, fi sílẹ̀ fún ibi tí èèyàn ń gbé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Ẹ lè fi fóònù wọ̀n ọ́n, kò ní pé pérépéré bíi ti ẹ̀rọ wọn, àmọ́ ó tó láti fi bá skúù sọ̀rọ̀. Yíyí spíkà padà kó kọjú sínú ọgbà máa ń tó.

Ọjọ́ ayẹyẹ, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá, káróòlù Kérésìmesì, ọjọ́ tí wọ́n ń pín èsì, ẹ bá skúù ṣe àdéhùn pé kí wọ́n sọ fún àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó ní ìsìnkú tàbí tó fẹ́ gbé aláìsàn lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn á lè múra sílẹ̀. Bákan náà, tí mọ́tò bá fọ́ pèpéle tó bo gọ́tà níwájú ilé ẹnì kan, kí skúù àti àdúgbò ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tó máa tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin òbí tó ń gbé ní títì kejì tàbí ìkẹta sí skúù: kí lẹ ń gbé mọ́tò wá fún? Àgbàlagbà kan lè kó ọmọ mẹ́fà láti ilé sí ilé, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, kẹ́ ẹ máa gbà á ṣe láàárín ara yín, mọ́tò mẹ́fà ti kúrò nínú ìlà nìyẹn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London mọ ètò tí wọ́n ń pè ní School Streets, àwọn káńsù ibẹ̀ máa ń ti títì iwájú skúù fún mọ́tò láàárọ̀ àti ní ìgbà ìjáde, ẹni tó ń gbé ní títì yẹn ló lè kọjá, ẹlòmíì tó bá wọ̀ ọ́, kámẹ́rà lè mú nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀ kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e. A ò lè gbé gbogbo ẹ̀ wá síbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ń wá láti ọ̀nà jíjìn, àdúgbò ò dẹ̀ ní àṣẹ láti ti títì. Apá tó bá wa mu níbẹ̀ ni pé kí ọmọ fẹsẹ̀ rìn níwọ̀nba ibi tó kù.

Bí skúù bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́, tí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò dáhùn? Kí CDA kọ lẹ́tà, kí skúù bu ọwọ́ lù ú pé àwọn rí i gbà, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ ni Citizens' Mediation Centre, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni, láti 1999 ló ti wà, wọn kì í gba owó, wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí á wà nínú ìwé. Tó bá jẹ́ ti ìrìnnà, LASTMA, àwọn tó ń darí mọ́tò lójú títì ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí skúù bá wọlé, àwọn ló lè wọ́ mọ́tò lọ, kì í ṣe ẹ̀yin. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń darí skúù, Office of Education Quality Assurance ló ń bójú tó skúù ìjọba àti ti àdáni. LASPPPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́, ló mọ̀ bóyá wọ́n gbàṣẹ láti fi ilé gbígbé ṣe skúù, àmọ́ ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, torí ó lè já sí pé wọ́n máa ti skúù pa láàárín tẹ́ẹ̀mù, àwọn ọmọ ló máa jìyà ẹ̀.

Tí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tún dúró sójú fèrèsé yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ wo ìṣẹ́jú tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń lò, ẹ fi wé èyí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n máa ń gbàgbé, àǹtí á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ jáde, òbí kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ẹ pe ìyá tó ni skúù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de mítìnì oṣù tó ń bọ̀, kó tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní alẹ́ Sunday.